Mọ́tò tó kàn ń dún kẹ́ kẹ́ kẹ́ tí kò stáàtì: wáyà ẹ́ẹ̀tì ló fà á

Mọ́tò kékeré mi, ti ọdún 2002, bẹ̀rẹ̀ wàhálà ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn. Tí n bá yí kọ́kọ́rọ́, á kàn máa dún kẹ́ kẹ́ kẹ́, iná dáṣíbọ́ọ̀dù á di bàìbàì, ó dẹ̀ máa ń burú jù tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, bí ìgbà tí mo bá dúró ra epo báyìí, làwọn èèyàn á bá máa bá mi tì í, ojú á sì tì mí.

Mo ra bátìrì tuntun, ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi gbádùn. Ríwáyà ní kíkì-sítátà ni, ìyẹn mọ́tò kékeré tó máa ń yí ẹ́ńjìnnì kó lè stáàtì, a tú u, a pààrọ̀ búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀, owó lọ, kẹ́ kẹ́ kẹ́ náà ni.

Ìgbà tó yá ni mo fi wáyà jọ́ńpà kan láti ẹnu nẹ́gétíìfù bátìrì sí ara irin ẹ́ńjìnnì gangan, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó stáàtì lẹ́ẹ̀kan náà! Àṣé wáyà ẹ́ẹ̀tì ni, ìyẹn wáyà tó so nẹ́gétíìfù bátìrì mọ́ bọ́dì mọ́tò. Mo fi sípánà 10 tú u lórí bátìrì (nẹ́gétíìfù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ o), mo tẹ̀lé e dé ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ bọ́dì, ìpẹtà ti jẹ abẹ́ bọ́ọ̀tì yẹn, èèyàn ò dẹ̀ lè rí i látòkè. Mo fi sáńdípépà ha á títí irin fi ń dán, mo dè é padà kó le dáadáa, mo fi gírísì díẹ̀ bò ó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, kò tíì ṣe é mọ́. Tiyín lè jẹ́ kíkì-sítátà lóòótọ́ o, ṣùgbọ́n ẹ fi jọ́ńpà yẹn wò ó ná kẹ́ ẹ tó náwó.