Kí Ẹ Tó Sanwó Pick-up Tuntun: Ẹ́ńjìnnì Wo Ló Bá Iṣẹ́ Yín Mu?

Ẹni tó bá fẹ́ ra Hilux tuntun, àwọ̀ àti táyà ló sábà máa ń kọ́kọ́ wò. Àwọ̀ ṣeé tún kùn. Ẹ́ńjìnnì tí ẹ bá yàn lọ́jọ́ náà lẹ máa bá yí títí ẹ ó fi tà á.

Ẹ mú bírò, kí ẹ kọ ẹrù tí ẹ ń rù gan-an lọ́sẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe èyí tí ẹ ń gbàdúrà pé ẹ máa rù lọ́jọ́ iwájú. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan ni ọ̀pọ̀ Hilux lè gbé: àpò sìmẹ́ńtì 20, tó jẹ́ kílò 50 lọ́kọ̀ọ̀kan, ti pé e, ẹ ò sì tíì ka ọmọ iṣẹ́ tó jókòó síwájú. Ẹni tó ń kó gbàgùúdá láti Ìṣẹ́yìn wá sí Ìbàdàn àti ẹni tó ń gbé ọmọ lọ síléèwé ní Bódìjà kò lè máa ra ẹ́ńjìnnì kan náà.

Ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ló wọ́pọ̀ nínú Hilux: bẹntiróòlù 2.7, dísẹ̀lì 2.4 àti dísẹ̀lì 2.8 (lítà ni nọ́ńbà wọ̀nyí, ìyẹn bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó). Horsepower ni ẹni tó ń tà á máa máa pariwo. Ẹ bi í ní torque, ìyẹn agbára tó fi ń fa ẹrù; Nm ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. 2.7 yẹn ní 245 Nm, àfi kí ẹ tẹ̀ ẹ́ dé nǹkan bíi 4,000 lójú rev, ìyẹn mítà tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, kó tó yọ gbogbo rẹ̀. Dísẹ̀lì 2.4 tó jẹ́ ọ̀tòmátíìkì ní 400 Nm, láti 1,600 ló sì ti ń yọ ọ́. Bí ẹ bá ti fi pákó gun òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè rí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Ibi tí mo ti ń rí i tí èèyàn ń ṣubú nìyí: wọ́n gbọ́ 400, wọ́n ra dísẹ̀lì, wọn ò ro ti epo. Láti May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, bẹntiróòlù kò sí lówó pọ́ọ́kú mọ́, ni kálukú bá ń sá lọ sí dísẹ̀lì. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì òde òní kì í ṣe ti lọ́rì agbégilódò tó ń mu ohunkóhun tí wọ́n bá rọ sí i. Ihò ẹnu nọ́sù rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, tín-ín-rín bí irun orí. Omi díẹ̀, ìdọ̀tí díẹ̀, ó parí.

Bàbá kan tó ń ta pákó ládùúgbò wa ra tirẹ̀ tuntun, ó wá ń ra dísẹ̀lì inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì torí pé ó dín náírà díẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì ń kan gbà-gbà-gbà, èéfín funfun ń jáde láàárọ̀. Owó tó fi pààrọ̀ nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ra ọ̀kadà.

Nítorí náà, kí ẹ tó yan dísẹ̀lì, ẹ lọ sílé epo tí ẹ máa ń rà, kí ẹ rọ ọ́ sínú ike omi tó mọ́ gaara, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi wúwo ju dísẹ̀lì lọ, ìsàlẹ̀ ló máa sùn sí. Bí ẹ bá rí ìlà nísàlẹ̀ ike, ẹ wá ilé epo mìíràn, tàbí kí ẹ ra bẹntiróòlù. Èmi máa ń tú omi abẹ́ fílítà dísẹ̀lì ní gbogbo Sátidé. Dẹ́rẹ́bà mi mọ̀ pé tí kò bá tíì tú u, kò sí owó ọ̀sẹ̀. Fílítà olówó pọ́ọ́kú kò wọ ọkọ̀ mi. Ẹ lè fi fílítà ìta tó ní abọ́ gíláàsì, irú ti jẹnẹrétọ̀, kún un. Ìyẹn kò wọ́n.

Ẹ béèrè bóyá DPF, ìyẹn fílítà tó ń gba èédú inú èéfín dísẹ̀lì, wà lára sálẹ́ńsà rẹ̀. Dísẹ̀lì tí imí-ọjọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń dí i, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn kúkúrú inú ìlú kì í jẹ́ kó gbóná tó láti jó èédú inú rẹ̀.

Ìlànà tèmi: bí ẹ bá ń rù ẹrù kíkún tó ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, tí ike yín sì mọ́, ẹ ra 2.4. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, 2.7 ni, kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń fa tírélà ọkọ̀ ojú omi tàbí jẹnẹrétọ̀ ńlá kiri ló nílò 2.8. Àwọn yòókù, ìgbéraga ni.

Lọ́jọ́ ìsanwó, ẹ ka páálí irin tí wọ́n kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sí, kí ẹ sì fi fóònù yà á. TGN ni bẹntiróòlù 2.7. Nínú èyí tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà, GUN125 ni dísẹ̀lì 2.4, GUN126 ni 2.8. Mo ti rí ẹni tó sanwó 2.8 tó wa 2.4 lọ sílé. Bí ẹ bá rí KUN, ẹ́ńjìnnì KD àtijọ́ ni, bẹ́líìtì ló sì ń yí taimíǹgì rẹ̀, kì í ṣe ṣéènì.

Ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó ṣíná rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tutù, torí ìtutù ni àìsàn ẹ́ńjìnnì máa ń hàn. Bí ẹ bá bá a ní gbígbóná, ẹ padà lọ láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ dé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.