Saxophone, kíláàsì àti míkísà: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn olórin Ìlọrin

Ní Ìlọrin níbí, ẹni tó bá fẹ́ fi saxophone jẹun kì í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Láàárọ̀ Sátidé, ó wà ní Tánkẹ̀ tó ń kọ́ ọmọ kékeré kan bí wọ́n ṣe ń di fèrè mú. Lọ́sàn-án, ó ti dé gbọ̀ngàn àpèjẹ, ó ń fọn orin bí ìyàwó ṣe ń jó wọlé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, pásítọ̀ á pè é pé kó wá bá wọn tún míkísà ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń darí ohùn, tò nítorí ìsìn ọjọ́ kejì. Bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni wí pé ó pa iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀, torí owó ibi kan kì í tó. Àmọ́ bí mo ṣe ń wò ó, kì í ṣe àìmọ̀ọ́nfọn ló ń dá àwọn ọ̀dọ́ wa dúró. Ohun tó ń dá wọn dúró ni pé wọ́n ń jẹ́ kí iṣẹ́ kan jẹ èkejì run.

Ẹ má máa fọn fèrè kí ẹ tún máa darí ohùn ara yín

Orí èyí ni mo fẹ́ pẹ́ sí jù, torí òun ló ń tètè ba orúkọ jẹ́. Olórin gbé míkísà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Ó fọn ìlà orin kan, ó bẹ̀rẹ̀, ó yí bọ́tìnnì, ó dìde, ó tún fọn. Ohun tí òun ń gbọ́ kọ́ ni àwọn èèyàn ń gbọ́. Eyín òkè rẹ̀ wà lórí ẹnu fèrè, ohùn ń gba egungun orí dé etí rẹ̀. Sípíkà ńlá sì kọ ẹ̀yìn sí i, àwọn àlejò ló dojú kọ. Á rò pé fèrè ò tíì jáde, á máa fi kún un, títí àwọn àgbàlagbà tó jókòó níwájú á fi máa fi ọwọ́ bo etí. Tí wọ́n bá kúrò níbẹ̀, wọn ò ní sọ pé ẹ̀rọ ló dàrú. Wọ́n á ní ọmọ yẹn ò mọ̀ ọ́n fọn.

Ẹ wá ẹnìkan tí yóò jókòó ti míkísà. Tí owó ò bá tó láti fi gba ẹni tó ti mọṣẹ́, ẹ kọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ yín, kí ẹ sì fún un lówó tirẹ̀. Tí kò bá sí ẹnikẹ́ni rárá, ẹ gbé fóònù sórí àga kan láàárín gbọ̀ngàn, ẹ jẹ́ kó máa ká ohùn sílẹ̀, ẹ fọn ibi tó rọ̀ jù àti ibi tó le jù nínú orin yín, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ gbọ́ ohun tó ká. Kí àlejò tó dé ni kí ẹ ṣe gbogbo ìyẹn. Ẹ sì mọ̀ pé gbọ̀ngàn òfìfo kì í dún bí èyí tó kún: ara èèyàn àti aṣọ, pàápàá gèlè àti agbádá, a máa fa ohùn mu, ohùn tó ga tó tín-ín-rín ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ.

Ó kan máìkì. Ọ̀pọ̀ máa ń tì í bọ ibi tí fèrè ti là gbàgà nísàlẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ fa omi nínú kànga. Àwọn ohùn ìsàlẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohùn yòókù ń jáde láti ara àwọn ihò tí ìka ṣí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí máìkì jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kó kọjú sí àárín fèrè, láàárín ẹnu ìsàlẹ̀ yẹn àti ibi tí ọwọ́ òsì wà. Tó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń há mọ́ fèrè lára ni, ẹ yí orí rẹ̀ díẹ̀ kó má baà wo inú ihò tààrà. Mọ́nítọ̀, ìyẹn sípíkà tí ẹ fi ń gbọ́ ara yín, ẹ̀yìn máìkì ni kó wà, torí ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ máìkì orí ìtàgé kì í ti í gbọ́ràn. Ẹni tó bá fẹ́ máa fọn kiri láàárín tábìlì àwọn àlejò, kó mọ ibi tí sípíkà wà, kó má gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti máa ń han gooro, tí ìyá ìyàwó á fò sókè.

Tí ẹ bá fẹ́ fi gain, bọ́tìnnì tó ń sọ bí ohùn máìkì ṣe máa lágbára tó tó bá wọ míkísà, sípò, ibi tí ẹ ti ń fọn le jù ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ibi tó rọ̀. Tí ohùn bá ń gún etí, ẹ má sáré fi báàsì kún un. Ẹ kọ́kọ́ dín ohun tó wà láàárín 2,000 sí 4,000 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) kù, torí agbègbè yẹn ni etí èèyàn ti mú jù. Iná wa ń lọ, ó ń bọ̀, nítorí náà ẹ má fi ètò títan ẹ̀rọ ṣeré: ámpù, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára, ni kí ẹ tàn kẹ́yìn, òun náà sì ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Ọmọ tó bá sáré lọ yí iná sí jẹnẹrétọ̀ láìsọ fún yín, nígbà tí ámpù ṣì wà ní títàn, lè fi ìró gbàmù ẹyọ kan ba sípíkà jẹ́. Tí ìró hùn-ùn-ùn kan bá sì wà tí kì í dáwọ́ dúró, 50 Hz iná Nàìjíríà ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ yẹ áàtì, wáyà iná tó wọlẹ̀, wò, kí ẹ sì yọ okùn ohùn kúrò lára okùn iná.

Kíì oní-kíbọọ̀dù kọ́ ni kíì yín

Kíì ni ohùn tí a gbé orin lé. Bí oní-kíbọọ̀dù bá ní F, tí ẹ fi alto, saxophone tó kéré sí tenor, fọn F, orin ti bàjẹ́ nìyẹn. Adolphe Sax, ará Belgium tó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí fèrè yìí ní Paris lọ́dún 1846, kò ṣe gbogbo wọn sí ohùn kan náà: alto wà ní E-flat, tenor wà ní B-flat. F ti kíbọọ̀dù, D ni fún alto, G ni fún tenor. Ọ̀pọ̀ oní-kíbọọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì ló fẹ́ràn F-sharp nítorí àwọn bọ́tìnnì dúdú, ẹ̀rù rẹ̀ sì máa ń ba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ E-flat ni alto yóò fọn, flat mẹ́ta péré. E gan-an ló le, torí C-sharp ló ń sọ alto dà. Ẹ kọ́ ọmọ ní èyí láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má kàn máa tẹ transpose, bọ́tìnnì tó ń yí kíì kíbọọ̀dù padà, fún un. Lọ́jọ́ tó bá bá ẹgbẹ́ olórin mìíràn lọ sóde ìnáwó ní Ọ̀ffà, wọn ò ní bá a tẹ̀ ẹ́.

Kíláàsì kì í ṣe òde eré

Olùkọ́ tó ń ṣeré lóde máa ń fẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé òun lè fọn. Nínú wákàtí kan, òun á fọn ìdajì. Ọmọ ń pàtẹ́wọ́, òbí ń ya fídíò, ohun tí ọmọ mọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá náà ló ṣì mọ̀. Fún ọ̀pọ̀ àkókò kíláàsì, inú àpótí ló yẹ kí fèrè olùkọ́ wà. Ojú àti etí ni iṣẹ́ níbẹ̀: bóyá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ń wú, bóyá èjìká rẹ̀ ń gòkè tó bá mí sínú, bóyá ọ̀fun rẹ̀ ń fún pọ̀ tó bá ń wá ohùn òkè.

Wọ́n mú ọmọdébìnrin kan wá sọ́dọ̀ mi láti Gáà Akanbí, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa fèrè tì. Wọ́n ní èémí rẹ̀ ò tó. Mo tú ríìdì ẹnu fèrè rẹ̀, pẹlẹbẹ esùsú tó ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde, mo yí i padà, mo rí 3½ lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bó ṣe le tó, 1½ sí 2½ ló sì bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mu. Mo fi 2 sí i. Ohùn àkọ́kọ́ tó jáde ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu, ó yíjú sí ìyá rẹ̀. Èémí rẹ̀ pé pérépéré. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ ọ ti fún un ní ríìdì tí àwọn ọ̀jẹ̀ ń lò, kò sì jókòó wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà.

Àṣìṣe kan tún wà tí àwọn òbí ń bá wa dá sí: kí ọmọ tètè mọ orin kan fún ọjọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á to ìka rẹ̀ lé e, á fọn ún, ìjọ á dìde. Lẹ́yìn ọdún kan, orin yẹn náà ni. Dídi ohùn kan mú gbọọrọ lójoojúmọ́, kó má gbọ̀n, kó má lọ sókè-sódò, kì í dùn ún yà ní fídíò, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ohùn gidi ti ń wá.

Ẹ má da owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀

Oníbàárà á ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú ní sípíkà. Ẹ bá wa gbé e dání, ẹ ó sì fọn díẹ̀ fún wa.” Ẹni tó bá dá ọ̀rọ̀ yìí lóhùn pẹ̀lú iye owó kan ṣoṣo ti fi ẹ̀rọ, epo jẹnẹrétọ̀ àti owó àwọn tó ń gbẹ́rù ta ọrẹ. Ẹ kọ ọ́ sórí WhatsApp, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: owó fífọn, owó ẹ̀rọ, owó ọkọ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Òmù-Àrán, ẹ bèèrè ẹni tó máa ra epo, ìgbà tí eré máa parí, àti ibi tí ẹ máa sùn tí ilẹ̀ bá ṣú. Ẹ gba àsansílẹ̀ kí sípíkà tó jáde nílé.

Ẹ má sì ka owó tí àwọn àlejò ń ná fún olórin, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí, mọ́ owó iṣẹ́. Òfin CBN (báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà) ti 2007, ní abala 21, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti máa ná náírà báyẹn lójú agbo tàbí láti máa jó lórí rẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ kì í dín ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí ìtanràn ₦50,000, ó sì lè jẹ́ méjèèjì. Láti 2024 ni EFCC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn owó, ti ń gbé èèyàn lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀, táwọn oníbàárà náà sì ti ń ṣọ́ra.

Ìlọrin la wà. Tí Ramadan bá wọlé, òde ìnáwó á dákẹ́, ó di ẹ̀yìn Ìtùnú Àwẹ̀ kó tó tún gbóná. Kíláàsì ló yẹ kó gbé yín nínú oṣù yẹn. Ẹni tó ti lé gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ ní Disẹ́ńbà, torí pé òde pọ̀, kò ní rí ẹni tí yóò kọ́ nígbà náà.

Àwọn èèyàn wa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú fèrè

Èyí dùn mí púpọ̀. Ìlú dadakúàdà, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin, nìyí, ìlú Odòlayé Àrẹ̀mú tó ń kọ ọ́. Etí àwọn ará ibí ti mọ́ gángan tó ń sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá fọn orin Yorùbá, wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ohùn yín. Ẹni tó bá ń da ọ̀nà àwọn olórin jazz Amẹ́ríkà lé gbogbo ìlà láti ìbẹ̀rẹ̀, tó gbé ohùn sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti lọ sílẹ̀, ti gba orin náà lẹ́nu wọn. Ẹ fọn ọ́n bó ṣe wà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n gbà á, kí wọ́n kọ ọ́, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹwà. Orin Fela, tó gbé tenor lẹ́yìn tí Igo Chico, ẹni tó ń fọn tenor fún un, fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1973, kún fún àwọn ìlà fèrè kúkúrú tí èrò lè fi ẹnu kọ.

Ìyókù

Ẹ má fi fèrè sínú bùútù ọkọ̀ lójú oòrùn, páàdì tó ń bo ihò rẹ̀ àti kọ́ọ̀kì ọrùn rẹ̀ á bàjẹ́. Ẹ nu inú rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo eré. Ẹ jẹ́ kó gbóná lẹ́nu yín kí ẹ tó bá kíbọọ̀dù dọ́gba, pàápàá láàárọ̀ ọyẹ́, torí fèrè tútù máa ń lọ sílẹ̀ sí i. Ẹ má gbé orin olórin mìíràn tí ẹ fọn jáde fún títà láìgba àṣẹ. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 2022 dáàbò bo ẹni tó ni ín.

Etí yín ni iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lò. Ìlànà NIOSH, àjọ ìlera òṣìṣẹ́ ti Amẹ́ríkà, ni pé ohùn 85 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe le tó) kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí mẹ́jọ lọ lójúmọ́, 88 dB wákàtí mẹ́rin, tó bá sì di 100 dB, ìṣẹ́jú 15 péré. Òde ìnáwó wa máa ń ju ìyẹn lọ nítòsí sípíkà. Ẹ ra ìdítí olórin, kí ẹ máa wọ̀ ọ́. Ẹ má sì fi alẹ́ ọjọ́ tí ẹ ti òde dé to orin tí ẹ ká sílẹ̀. Ẹ sùn, kí ẹ ṣe é láàárọ̀, kí ẹ gbọ́ ọ nínú sípíkà kékeré àti nínú ọkọ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni iṣẹ́.