Bí mo ṣe bọ́ lọ́wọ́ okùn fífà: ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tó ń fi kọ́kọ́rọ́ gbà

Ẹ́ńjìnnì olókùn tó ní agbára ẹṣin 40 (40 HP) ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ wa ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí èjìká mi ò gbà á mọ́, mo ra sítátà tòkúnbọ̀ (mọ́tò kékeré tó ń yí ẹ́ńjìnnì kó lè gbà), rílé (ohun tó ń gbé iná bátìrì lọ sí sítátà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́), kọ́kọ́rọ́ àti fláwíìlì eléyín (àgbá irin tó ń yí lórí ẹ́ńjìnnì). Fláwíìlì tí kò léyín, kò síbi tí sítátà máa gbá mú. Ẹ yẹ tiyín wò kí ẹ tó náwó.

Mo so gbogbo rẹ̀ tán, mo yí kọ́kọ́rọ́: “kọ́ọ̀!” Ó tán. Mo sáàjì bátìrì, kọ́ọ̀ náà ni. Mo pààrọ̀ rílé, kọ́ọ̀ náà ni. Rewáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ní sítátà ti kú. A tú u, a so ó mọ́ bátìrì nílẹ̀, ó fò bí ẹja àrọ̀!

Ìgbà yẹn ni mo tó mú mítà tí a fi ń wọn iná. Bátìrì pé fólítì 12.6. Mo fi ẹnu mítà kan sórí nẹ́gétíìfù bátìrì, èkejì sára irin ẹ́ńjìnnì, mo ní kí àbúrò mi yí kọ́kọ́rọ́. Ó ka fólítì 3! Ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo; iná ń ṣòfò lójú ọ̀nà kó tó dé sítátà nìyẹn. Wáyà tín-ín-rín ni mo lò fún nẹ́gétíìfù, orí ọ̀dà ni mo sì tún dè é mọ́.

Mo fi sáńpépà ha ọ̀dà yẹn títí irin fi dán, mo fi wáyà tó nípọn, 35 mm², rọ́pò tín-ín-rín yẹn, mo dè é le, mo fi gíríìsì bò ó kó má baà dógùn-ún. Mítà wá ka fólítì 0.2. Ẹ́ńjìnnì gbà lójú ẹsẹ̀.

Tiyín lè jẹ́ nǹkan mìíràn o. Èmi ò tíì yọ okùn tèmi kúrò.