Ẹsẹ̀ ni ká tọ́jú bí èémí kò bá tó

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi din àkàrà lórí iná igi ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, èéfín sì bá ẹ̀dọ̀fóró mi jẹ́. Dókítà ní ibi tó ti bàjẹ́ kò ní bọ̀ sípò mọ́. Àmọ́ kiné, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, là mí lóye: ẹsẹ̀ tó lágbára kì í béèrè afẹ́fẹ́ tó ẹsẹ̀ tó ti rọ. Bí a bá ń jókòó ṣáá nítorí pé a ń mí hẹlẹ, iṣan ẹsẹ̀ á joro, ìgbésẹ̀ díẹ̀ á sì máa dá wa lágara. Eré ìdárayá wúlò náà fún ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, lẹ́yìn tó bá ti lo oògùn tán.

Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà, kó yẹ àyà àti ọkàn yín wò. Bó bá fún yín ní Ventoline, ìyẹn oògùn fífà sẹ́nu tó ń la ọ̀nà èémí, ẹ bi í bóyá kí ẹ fà á kí ẹ tó rìn. Èmi máa ń fà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ṣáájú.

Mímí la ó kọ́ kí ìrìn tó kàn. Ẹ fi imú mí sínú, ẹ ka ení, èjì. Ẹ wá sún ètè jọ bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, ẹ tú u jáde díẹ̀díẹ̀ títí dé ẹ̀rin. Ẹ má fipá tì í. Afẹ́fẹ́ àtijọ́ tó há sínú ni kì í jẹ́ kí tuntun ráyè wọlé. Bí ẹ bá ń gbé korobá tàbí ẹ ń dìde lórí àpótí, ìgbà tí ẹ ń lo agbára gan-an ni kí ẹ tú èémí síta. Èyí nìkan ti gbà mí lọ́wọ́ ìnira púpọ̀ nínú ilé.

Àárọ̀ ni mo máa ń rìn lọ sí ìhà Àkàbà Ìdèna, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, kí àwọn zẹ̀mí, ìyẹn ọ̀kadà akérò, tó pọ̀ lójú ọ̀nà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ sinmi, ẹ tún rìn, títí yóò fi tó ìṣẹ́jú 20 sí 30, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà wọn bí mímí ṣe ń ni yín lára tó: bí òdo bá jẹ́ ìrọ̀rùn, tí 10 jẹ́ èyí tó le jù, 3 tàbí 4 ni kí ẹ wà. Ẹ ó máa mí kíkankíkan, ẹ ó sì lè dáhùn bí ẹnìkan bá kí yín. Ẹni tí kò lè dáhùn, kó dúró, kó tẹ̀ síwájú, kó fọwọ́ ti ògiri tàbí itan, kó máa tú èémí síta. Nígbà ọyẹ́ tí eruku bá pọ̀, inú ilé ni mo ń ṣe é: màá dìde lórí àga, màá jókòó, ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, màá sinmi. Lẹ́yìn náà màá fi ọwọ́ kọ̀ọ̀kan gbé ìgò omi ìdajì lítà sókè, nítorí apá rírọ ló ń sọ irun yíyà di iṣẹ́ ńlá.

Àyà ríro, òòyì, ètè tó dúdú, ẹ̀jẹ̀ nínú ikọ́: ẹ dúró, kí ẹ lọ sílé ìwòsàn. Bí ibà bá dé tàbí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yí àwọ̀ padà, ẹ fi ìdárayá sílẹ̀, kí ẹ rí dókítà.

Ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 ni àwọn kiné sábà máa ń fi kọ́ni ní ìdárayá yìí. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ máa ṣe é nílé, nítorí agbára náà ń dínkù bí a bá fi í sílẹ̀. Bí àìsàn bá sì dá yín dúró, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni kí ẹ tún fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má sáré padà síbi tí ẹ dé tẹ́lẹ̀.