Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Làágùn: Àṣìṣe Tó Ń Sọ Ọ́ìlì Díẹ̀ Di Gbèsè Ńlá

Torí bíréèkì lẹ ṣe gbé mọ́tò lọ. Mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́, ó wá mi orí. "Ọ̀gá mi, ẹ́ńjìnnì yín ti ń jò o. Àfi ká sọ ọ́ kalẹ̀." Ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn létí ẹni tó ń wa Corolla 2004, tí owó ilé ìwé ọmọ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹlòmíràn á wá owó lójú ẹsẹ̀, á ní kí wọ́n tú u. Ẹlòmíràn á ní irọ́ ni, kò sì ní wo abẹ́ mọ́tò náà mọ́ títí ẹ́ńjìnnì á fi nọ́ọ̀kì. Mo ti ṣe bí ẹni àkọ́kọ́ rí, mo ti ṣe bí ẹni kejì rí, kò sì sí èyí tí kò gbowó lọ́wọ́ mi nínú méjèèjì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọn kì í ya òógùn sọ́tọ̀ kúrò lára jíjò. Àwọn mẹkáníìkì mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Tí wọ́n bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ẹ́ńjìnnì yìí ń làágùn. Rọ́bà tó wà láàárín irin méjì, tí ooru ti ń yan láti nǹkan bí ogún ọdún, á le, á sún kì, ọ́ìlì á sì máa rọra yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, á di ẹrẹ̀ dúdú. Tí ẹ bá fi ìka kàn án, ọwọ́ yín á dúdú, ṣùgbọ́n kò ní kán sílẹ̀. Òógùn nìyẹn. Mọ́tò tó ti pẹ́ tí kì í làágùn níbì kankan ṣọ̀wọ́n.

Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ mọ́tò mọ́jú. Omi tí kò láwọ̀, tó kán lẹ́yìn tí ẹ lo ẹ́sì, omi lásán ni. Pupa sábà máa ń jẹ́ ọ́ìlì gíà tàbí ti sítíárìn. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló máa ń rí bíi oyin, tó bá sì ti pẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì, á dúdú. Ẹ wá ka ẹ̀kán rẹ̀. Nǹkan bí ogún ẹ̀kán ló ń di mílílítà kan. Tó bá kán lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóru kọ̀ọ̀kan, láàárín oṣù kan, kò ju ṣíbí ìjẹun kan lọ. A kì í torí ṣíbí kan sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n páálí kì í sọ òótọ́ tán. Nígbà tí mọ́tò bá ń sáré, ọ́ìlì á gbóná, á ṣàn bí omi, pọ́ńpù á sì máa tì í. Èyí tó bá kán sí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, ta ló máa rí i? Mọ́tò mìíràn sì ní ike lábẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ń gba ọ́ìlì dúró, tí ilẹ̀ yín á fi mọ́ tónítóní. Géèjì, ọ̀pá irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì, ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ẹ gbé mọ́tò síbi tó tẹ́jú, ẹ pa á, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fa géèjì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í padà, kí ẹ tó wá kà á. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré, àárín àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ tó nǹkan bíi líítà kan. Èmi máa ń kọ ọjọ́ àti kìlómítà sínú fóònù mi. Tí ọ́ìlì kò bá tíì dé àárín àmì méjèèjì láti ìgbà tí mo ti pààrọ̀ rẹ̀ títí di 5,000 kìlómítà, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Tó bá ń jẹ líítà kan láàárín 1,000 kìlómítà, ẹ yéé pè é ní òógùn.

Ó sì lè máà jẹ́ pé ó ń jò rárá. Camry 2007 sí 2009 oní sílíńdà mẹ́rin, èyí tí à ń pè ní Muscle, gbajúmọ̀ fún jíjẹ ọ́ìlì: ríǹgì písítìnnì ló ń jẹ́ kó jóná nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó ń pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, rọ́bà àárín irin méjì, torí ìyẹn ń gbin àgbàdo sórí àpáta.

Ibi tí ọ́ìlì ń bọ́ sí ṣe pàtàkì ju bó ṣe pọ̀ tó lọ. Òógùn tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì lè wà níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ìwọ̀n kan náà tó bá kán sórí irin tí èéfín gbígbóná ń gbà jáde, òórùn rẹ̀ á kọ́kọ́ wọ inú mọ́tò, tó bá sì pọ̀ sí i, iná lè sọ. Tó bá wọ ihò púlọ́ọ̀gì, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Tó bá kán sínú alternator tó ń fún bátìrì níná, ẹ ó sanwó fún oníná mọ́tò, yàtọ̀ sí mẹkáníìkì. Camry 1997 sí 2001 oní sílíńdà mẹ́rin ń lo timing belt, bẹ́líìtì tó ń mú kí òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì yí pọ̀, rọ́bà sì ni: ọ́ìlì á jẹ ẹ́ títí á fi já. Ìwọ̀nyí ni kì í dúró de oṣù tó ń bọ̀.

Àṣìṣe mìíràn ni kéèyàn gbà pé ibi tó ti kán ló ti jò. Ọ́ìlì ń ṣàn wálẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ ẹ sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹ́ńjìnnì tútù (pẹtiróòlù kọ́ o!), kí wọ́n fi ọ̀rá bo àwọn ohun oníná. Ẹ wà á fún ọjọ́ méjì, kí ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Lára Corolla 2003 sí 2008 tó ń lo ẹ́ńjìnnì 1ZZ, rọ́bà róbótó kan wà nídìí ohun tó ń fa ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì le, nọ́ọ̀tì méjì ló dè é mọ́lẹ̀. Tó bá gbó, ọ́ìlì á ṣàn dé ìsàlẹ̀, wọ́n á sì ní síìlì iwájú, rọ́bà tó yí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì ká, ló ti bàjẹ́. Ẹ bèèrè PCV pẹ̀lú, fáàfù kékeré tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Tó bá dí, atẹ́gùn á há sínú, á máa ti ọ́ìlì jáde níbi gbogbo. Ẹ yọ ọ́, ẹ mì í. Tí kò bá dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tí owó rẹ̀ kéré jù lọ nìyẹn, òun ni wọn kì í sì í rántí.

Ní ti gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń dí ojú irin kí ọ́ìlì má baà jò, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi. Top cover Corolla mi, ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì, ń làágùn díẹ̀, mẹkáníìkì kan ní òun á dí i pa. Dípò gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, ó fa gọ́ọ̀mù yí i ká bí ẹni ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì. Òógùn gbẹ lóòótọ́, mo sì fún un lówó ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, iná ọ́ìlì pupa tàn lójú ọ̀nà, mo ní kí n ṣáà délé ná. Nígbà tí wọ́n tú ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, àjákù gọ́ọ̀mù ló dí asẹ́ tí pọ́ńpù fi ń fa ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, tòkunbọ̀ ni mo rà rọ́pò. Gọ́ọ̀mù ní àyè tirẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ níbi tí irin méjì ti pàdé. Gásíkẹ́ẹ̀tì rọ́bà ló ń ṣe ìyókù. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi agbára fún nọ́ọ̀tì top cover, irin fẹ́lẹ́ ni wọ́n wọ̀ sí, wọ́n lè bọ́.

Ọ́ìlì tó ki ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe fún ọ́ìlì 5W-30 tó ń tètè ṣàn, tí ẹ wá ń da SAE 40 tó ki jù ú lọ sí kó má baà jò, ọ́ìlì á pẹ́ kó tó gun òkè láàárọ̀. Oògùn inú ìgò tó ń dá jíjò dúró lè mú kí rọ́bà tó le wú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè rán èyí tó ti ya.

Bí ẹ bá ti pinnu láti tún un ṣe, ẹ ra rọ́bà tuntun. Yálà ọjà Ládípọ̀ ní Èkó lẹ lọ tàbí ti Àrárọ̀mí ní Gate, Ìbàdàn, ẹ tẹ gásíkẹ́ẹ̀tì náà wò: tó bá le bíi ike, ẹ dá a padà. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà ihò púlọ́ọ̀gì lẹ́ẹ̀kan náà, torí ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n.

Ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì mi, ibi tí síìlì ńlá wà, ṣì ń làágùn di bí mo ṣe ń kọ èyí. Gíà ní láti sọ̀ kalẹ̀ kí ọwọ́ tó lè dé ibẹ̀, mẹkáníìkì tí mò ń lò báyìí sì ti gbà pé ọjọ́ tí gíà bá ní iṣẹ́ tirẹ̀ la máa pààrọ̀ síìlì náà. Páálí ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, mo kọ ọjọ́ sí etí rẹ̀. Ẹ̀kán mẹ́ta ló wà níbẹ̀ láàárọ̀ yìí.