Ẹ̀ Ń Wo Ìràwọ̀ Tó Bú, Ẹ Ò Wo Àdúgbò Rẹ̀

Ọmọkùnrin kan láti Ọ̀ffà fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: “Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí supernova o!” Supernova ni ìràwọ̀ tó bú. Mo ṣí i lójú kọ̀ǹpútà. Ìràwọ̀ lásán ni, ará agbo ìràwọ̀ (galaxy) tiwa níbí, tó kàn dúró síwájú agbo mìíràn tó jìnnà réré. Ó sì ti ta ọ̀kadà rẹ̀ kó tó ra awò awọ̀nàjíjìn yẹn. Ó dùn mí wọra. Gbogbo ìgbà tí ìràwọ̀ ńlá bá bú ni mo ń rí irú èyí, ó sì tó gẹ́ẹ́.

Èkíní: ẹ má pariwo kí ẹ tó gbé fọ́tò àtijọ́ ti ibì kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun.

Èkejì: ẹ má ra awò nítorí “ìlọ́po 500” tí wọ́n kọ sára páálí. Bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ni kí ẹ bi ọlọ́jà, torí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé.

Ẹ̀kẹta ló ń bí mi nínú jù. Ojú yín ò kúrò lára ìràwọ̀ náà, ẹ ò bèèrè ibi tó ń gbé. Oòrùn wa yóò lo nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 10 láyé. Ìràwọ̀ tó wúwo tó oòrùn 20, nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 10 péré ni tirẹ̀. Kò ráyè ṣí lọ. Láàárín gáàsì tí wọ́n fi bí i, lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ dáyé, ló sábà máa ń bú sí. Tí nǹkan bá tàn lójijì lẹ́bàá gáàsì tó ń tàn ní apá agbo ìràwọ̀ tó lọ́ yíká bí ìkarahun ìgbín, ẹ lè fura sí ìràwọ̀ ńlá. Tó bá jẹ́ inú agbo tó rí roboto bí ẹyin ni, níbi tí ìràwọ̀ tuntun ò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mọ́, àwọn ìràwọ̀ ńlá ibẹ̀ ti kú tipẹ́. Aràrá funfun, òkú ìràwọ̀ kékeré, ló sábà máa ń bú níbẹ̀. Ia ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Síbẹ̀, àdúgbò nìkan ò tó ẹ̀rí. Agbo ìràwọ̀ M101, níbi tí SN 2023ixf (SN dúró fún supernova, nọ́ńbà rẹ̀ ni ọdún tí wọ́n rí i), tó jẹ́ ìràwọ̀ ńlá, ti bú, inú rẹ̀ náà ni SN 2011fe wà, Ia sì ni. Ẹ dúró kí wọ́n tú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ palẹ̀ sí àwọ̀ àwọ̀, kí wọ́n lè mọ irú èyí tó jẹ́.

Koichi Itagaki ló kọ́kọ́ rí 2023ixf ní Japan, ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún 2023. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, òjò dá ní ẹ̀yìn Ìgbàjà, mo gbé awò ínṣì 8 mi kalẹ̀ sórí àpáta, mo kọjú rẹ̀ sí àríwá. Mo rí àbàwọ́n ìmọ́lẹ̀ kan, mo fi pẹ́ńsù yà á sínú ìwé, ọwọ́ mi ń gbọ̀n fún ayọ̀. Ọjọ́ kejì ni mo tó mọ̀ pé NGC 5461 ni, ìdì gáàsì tí ìràwọ̀ ti ń bí. Ìràwọ̀ tó bú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bíńtín, ó mú ṣóńṣó bí ojú abẹ́rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ mọ àwọn ará ilé kí ẹ tó wá àlejò.

Èruku ojú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Nígbà ọyẹ́, oòrùn àárọ̀ ní Ìlọrin a pọ́n bí epo. Ṣé oòrùn ló yí padà ni? SN 2014J nínú agbo ìràwọ̀ M82 pọ́n bákan náà torí èruku agbo tó ń gbé. Ẹni tó bá fi ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ wọn ọ̀nà láìyọ èruku kúrò, yóò pè é jìnnà ju bó ṣe wà lọ.

Ẹ má sì rò pé ìràwọ̀ ńlá gbọ́dọ̀ pupa kó tó bú. Èyí tó bú ní 1987 nínú Large Magellanic Cloud, agbo ìràwọ̀ kékeré kan tó múlé ti tiwa, aláwọ̀ búlúù ni. Àwọn èròjà tó wúwo ju hydrogen àti helium lọ ò pọ̀ ní àdúgbò yẹn bíi tiwa, ó sì ṣeé ṣe kó ti dàpọ̀ mọ́ ìràwọ̀ kejì. Ẹ lè rí agbo ọ̀hún láti Kwara: nínú oṣù kọkànlá, kí ọyẹ́ tó dé, ẹ jáde síbi tó ṣókùnkùn ní nǹkan bí aago méjì òru, ẹ kọjú sí gúúsù, ẹ wò ó nísàlẹ̀, bí èéfín funfun.