Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ètò kọ̀ǹpútà (software) fún ọ́fíìsì ní Adó-Èkìtì, ìbáà jẹ́ ti ilé ìwé tàbí ti ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà ní Èkìtì, yàrá ọ̀gá ló máa ń kọ́kọ́ wọ̀. Ọ̀gá á ṣàlàyé bí iṣẹ́ ṣe yẹ kó máa lọ, òun náà á sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe é. Akọ̀wé tó ń gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ará ìlú ni kí ẹ jókòó tì. Ẹ wo ìwé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí ẹ bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni ẹ̀ ń kọ síbí?" Ohun tí kọ̀ǹpútà kò fún un láyè láti kọ ló wà níbẹ̀: ẹni tó san ìdajì owó, ẹni tó ní òun ń bọ̀ lọ́la pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó jọ iye ló jẹ́ iye. Ẹ tẹ nọ́ńbà fóònù sínú Excel bí ẹni tẹ owó, òdo iwájú á pòórá, kò sì ní ṣeé pè mọ́. Ètò tí kò bá gba ẹ, ọ àti ṣ ò lè kọ orúkọ ìlú bí Ọ̀yẹ́ tàbí Ẹ̀fọ̀n bó ṣe yẹ.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn tó kó oríṣiríṣi àyípadà tí èèyàn lè ṣe sí ètò náà (settings) jọ sójú kan, tí wọ́n ní kí oníkálukú tò ó bó ṣe wù ú. Òṣìṣẹ́ tí èrò tò síwájú rẹ̀ ò ráyè ìyẹn. Ní 1990, Wendy Mackay, olùwádìí nípa bí èèyàn ṣe ń lo kọ̀ǹpútà, gbé ìwádìí kan tó ṣe ní yunifásítì MIT, ní Amẹ́ríkà, jáde: ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn ni òṣìṣẹ́ ti sábà máa ń gba èyí tí wọ́n ti tò tán. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ wa. Ẹnì kan máa ń wà ní ọ́fíìsì tí gbogbo wọn ń ké sí pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wá bá mi wò ó." Ẹni yẹn ni kí ẹ fún lágbára, kó lè fi àyè tuntun kún fọ́ọ̀mù, kó yí ọ̀rọ̀ orí rìsíìtì padà, kó sì fi ránṣẹ́ sáwọn tó kù láìpè yín. Àkọsílẹ̀ owó nìkan ni kò gbọ́dọ̀ lè pa rẹ́.

Iná lè lọ nígbàkigbà, nítorí náà kí ètò yín máa tọ́jú ohun tí wọ́n bá tẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bí ẹ̀dà tuntun bá sì dé, ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí àdàkọ fáìlì wọn, kí ohun tí wọ́n ti tò má bàa pòórá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni kí ẹ ṣe é, kó má ṣe bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń ṣe owó oṣù.